Ojú Ni Alákàn Fi Ń Ṣọ́ Orí: Wíwo Inú Àpáta Kí A Tó Wọ Abẹ́ Rẹ̀

Ta ni à bá tún bá sọ ọ̀rọ̀ àpáta bí kò ṣe Èkìtì Kété, ọmọ olókè, ẹni tí ó jí lówùúrọ̀ tí ó rí òkúta níwájú, tí ó yíjú sẹ́yìn tí ó tún rí òkúta? Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àpáta ni a mọ̀. Inú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ wò lónìí.

Àpáta tí ó dúró gbọn-in gbọn-in lójú wa, pàlàpálá ni inú rẹ̀. Bí ènìyàn bá gbẹ́ ihò gba abẹ́ rẹ̀, tí pàlàpálá mẹ́ta sì pàdé lókè àjà ihò náà, odidi òkúta kan lè yà sọ́tọ̀ bí awẹ́ obì ti í yà, kí ó sì já lu ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn awakùsà àtijọ́ fi máa ń fi irin kan àjà, tí wọn a tẹ́tí sí ìró rẹ̀: bí ó bá dún gan-an, wọn a ṣiṣẹ́, bí ìró náà bá ṣófo, wọn a yẹra.

Ní 1974, Barton, Lien àti Lunde, onímọ̀ mẹ́ta ní Nọ́wè, gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí a ń pè ní Q. Nǹkan mẹ́fà ni wọ́n fi ń ṣírò agbára àpáta: bí ó ti fọ́ tó, ọ̀nà mélòó ni pàlàpálá rẹ̀ gbà, bóyá ojú pàlàpálá náà ṣe gbágungbàgun tàbí ó ń yọ̀, bóyá amọ̀ ti kún inú rẹ̀, omi tí ń sun níbẹ̀, àti ipá tí ẹrù ilẹ̀ fi ń tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti rí lójú ihò. Lẹ́yìn tí ẹ̀tù bá ti bú, tí èéfín ti lọ, onímọ̀ àpáta a dúró lókèèrè pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, a yára kọ ohun tí ó bá rí, nítorí láìpẹ́ ni wọn yóò fi ẹ̀rọ fín kọnkéré bo ògiri ihò náà, ojú ẹ̀dá kò sì ní rí àpáta yẹn mọ́.

Ibí yìí ni awò tí a ń dé sójú, tí kọ̀ǹpútà ń fi àwòrán hàn nínú rẹ̀, ti wúlò. Nígbà tí Ivan Sutherland ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1968, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi so ó kọ́ àjà ilé. Lónìí ọmọdé lè dé e. Ìmọ́lẹ̀ lésà a wọn ojú ihò kí kọnkéré tó bò ó, kọ̀ǹpútà a to àwọn pàlàpálá jọ, ẹni tí ó bá sì dé awò náà, bí ó ti dúró síwájú kọnkéré, yóò máa rí àpáta tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti bá a.

Ẹ̀rù kan ń bà mí, n kò sì ní fi pamọ́. Láàárín ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a gbẹ́ láti fi dán inú àpáta wò àti èkejì, ìméfò ni kọ̀ǹpútà ń ṣe, àwòrán tí ó dán kì í sì í fi ibi tí ó ti ń méfò hàn. Mo fẹ́ kí ohun tí a wọ̀n ní àwọ̀ tirẹ̀, kí ohun tí a fojú bù sì ní òmíràn. Kí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lábẹ́ àjà sì kọ́kọ́ dé awò náà ṣáájú àlejò pàtàkì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní Obuasi nílẹ̀ Gánà, níbi tí ilé-iṣẹ́ ńlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa wúrà ní 1897, ihò náà ti jìn ju kìlómítà kan lọ. Ní Segilola nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wúrà ti ń jáde láti 2021. Kòtò gbalasa ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wúrà kì í tìtorí pé kòtò tán kí ó dẹ́kun nísàlẹ̀. Kí ọjọ́ tí a óò gbẹ́ ihò wọ abẹ́ ilẹ̀ tó dé, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ Pólì Adó, tí ó wà lójú ọ̀nà Ìjàn, àti àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ìwakùsà ní yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́, bẹ̀rẹ̀ lórí àpáta tiwa. Àpáta Ọlọ́sùnta wà ní Ìkẹ́rẹ́. Lésà kì í fọwọ́ kan òkúta, nítorí náà kò sí èèwọ̀ tí yóò rú, bí a bá ti kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tí ń bọ ọ́. Kí wọ́n wọn pàlàpálá rẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sínú awò, kí wọ́n sì pe àwọn tí ń fọ́ òkúta ní kúárì wá dé e, kí àwọn yẹn sọ ibi tí àwòrán náà ti purọ́.