Ohùn Ará Ìlú nínú Ètò Ìjọba
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́)



Ọ̀rọ̀ tí a fún mi láti sọ ni ti ọ̀nà tí àwọn ìlú kan ń gbà fi kọ̀ǹpútà gbọ́ ohùn ará ìlú. Barcelona, ní Catalonia ti ilẹ̀ Spéìn, ni èmi yóò fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní oṣù kejì ọdún 2016, ìgbìmọ̀ ìlú náà ṣí ibi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Decidim, kí ará ìlú lè bá wọn ṣe ètò iṣẹ́ ìlú títí di ọdún 2019. Àbá tí ó wọlé ju 10,000 lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà nìkan ni ó sọ̀rọ̀: a ṣe ìpàdé ojúkojú tí ó ju 400 lọ, a sì kọ àbá tí ó jáde níbẹ̀ pọ̀ mọ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ṣe ètò yìí. Kì í ṣe ẹ̀wù tí a ti rán tán. Aṣọ tí a lè gé bí ara ẹni ti rí ni. Apá kan wà fún àbá, apá kan fún ìpàdé, apá kan fún ìbò lórí owó ìlú, apá kan fún ìjíhìn. Èyí tí ìlú bá fẹ́, yóò ṣí i. Èyí tí kò bá fẹ́, yóò tì í. Helsinki, ní ilẹ̀ Finland, ti ń lò ó láti ọdún 2018, kí ará ìlú fi lè dìbò lórí ìnáwó apá kan owó ìlú. Àkọsílẹ̀ tí a fi ṣe é wà ní gbangba: ẹnikẹ́ni lè kà á, ó sì lè tún un ṣe, láìsan owó àṣẹ. Barcelona tìkára rẹ̀ yá ìpilẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ láti inú irú ètò bẹ́ẹ̀ tí Madrid gbé kalẹ̀ ní ọdún 2015. Nítorí náà, ìlú tí ó ń lò ó kì í ṣe ayálégbé lọ́wọ́ oníṣòwò kan.

Orúkọ náà pẹ̀lú ní ẹ̀kọ́ nínú. Èdè Catalan ni; ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwa ni a ń pinnu. Nígbà ìjọba Franco, láti ọdún 1939 sí 1975, a lé èdè yìí kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba. Lónìí, òun ni a fi sọ ohun èlò tí ilẹ̀ mìíràn ń yá lò lórúkọ.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ará, ẹ̀rọ kò lè fi òtítọ́ sí ọkàn ìjòyè. Sísọ kò ṣòro. Èsì ni ó ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí a bi léèrè lẹ́ẹ̀kan, tí kò gbọ́ èsì, kì yóò dá wa lóhùn lẹ́ẹ̀kejì. Ètò náà ní àyè láti kọ sí abẹ́ àbá kọ̀ọ̀kan bóyá a gbà á tàbí a kọ̀ ọ́, àti ìdí rẹ̀. Apá ìjíhìn sì ń fi ibi tí iṣẹ́ dé hàn. Ìlú tí ó bá ṣí apá àbá, tí ó sì ti ti ìjíhìn, ọ̀ṣọ́ lásán ni ó ṣe.

Àwọn baba wa sọ pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Bí ìlú wa kan bá fẹ́ yá ọgbọ́n yìí lò, kí ó fi èdè tí ìyá alátà gbọ́ kọ ọ́, kí ó má fi ìpàdé ojúkojú sílẹ̀, kí ó sì kọ́kọ́ ṣe ìlérí pé òun yóò máa fèsì.