Owó Àjèjì àti Ilé Iṣẹ́ Bátìrì Skellefteå

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá ṣẹlẹ̀ ní òkè réré ilẹ̀ Sweden, níbi tí òjò dídì ti ń bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ẹni tó bá ń ro ìgbà tó yẹ kí a tú owó lé ayáwó lọ́wọ́.

Ní 2016 ni Peter Carlsson àti Paolo Cerruti, tí àwọn méjèèjì ti ṣe ọ̀gá ní Tesla rí, dá ilé iṣẹ́ Northvolt sílẹ̀, nítorí wọ́n rí i pé Yúróòpù, tó ti ń fi ọkọ̀ yangàn láti ayébáyé, ń tẹ́wọ́ gba bátìrì ọkọ̀ oníná lọ́dọ̀ àwọn ará China, Korea àti Japan. Ìlú Skellefteå ni wọ́n fi ìdí kalẹ̀ sí, níbi tí agbára odò ti ń pèsè iná mànàmáná púpọ̀ tí kò wọ́n. Báńkì European Investment Bank, tí àwọn orílẹ̀-èdè European Union jọ ni, kò fi ìwàǹwára wọ ọ̀ràn náà. Ní 2018, mílíọ̀nù 52.5 yúrò ni ó yá wọn, láti kọ́ ilé ìdánwò sí Västerås, kí a lè fi ojú rí i pé wọ́n mọ iṣẹ́ náà. Nígbà tó di 2020 ni ó tó fọwọ́ sí mílíọ̀nù 350 dọ́là fún Skellefteå gan-an, tí àwọn báńkì Faransé, Jámánì, Ítálì àti Netherlands, pẹ̀lú àwọn àpò owó ìfẹ̀yìntì ilẹ̀ Denmark, sì dá tiwọn mọ́ ọn, tí gbogbo rẹ̀ fi di bílíọ̀nù 1.6. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ní oṣù kìíní ọdún 2024, àdéhùn tuntun tí àwọn báńkì tó lé ní ogún fọwọ́ sí ti di bílíọ̀nù 5 dọ́là.

Kí ni ìdógò irú owó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ọrọ̀ tí ayáwó ti kó jọ ní àná ni ayánilówó ń wò, bí kò ṣe iṣẹ́ tí owó náà yóò bí: ògiri ilé iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ inú rẹ̀, àti ìwé tí àwọn oníbàárà bíi BMW, Volkswagen àti Scania ti fọwọ́ sí pé àwọn yóò ra ọjà rẹ̀, tí iye rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 50 dọ́là. Lórí ìwé, kò sí ẹni tí kò ní yá a. Ṣùgbọ́n bátìrì kì í ka ìwé. Èròjà tí a pò pọ̀ ni a ń tẹ́ pẹrẹsẹ sórí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nínú yàrá tí a ti fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, tí eruku bíńtín lè ba odindi iṣẹ́ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ohun tí ilé iṣẹ́ tuntun bá kọ́kọ́ ṣe, àkìtàn ló ń lọ. Oṣù Kejìlá 2021 ni bátìrì àkọ́kọ́ jáde ní Skellefteå, síbẹ̀ ní gbogbo ọdún 2023, ohun tí wọ́n ṣe kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀. Láti China àti Korea ni púpọ̀ nínú ẹ̀rọ náà ti wá, àwọn tó mọ inú ẹ̀rọ sì ti ibẹ̀ wá pẹ̀lú. Ní gbogbo àkókò yìí, èlé owó kò sùn.

Àwọn baba wa tí wọ́n ń yáni lówó lórí ìwọ̀fà mọ ohun tí àwọn amòfin báńkì kò lè kọ sínú ìwé: olówó kì í ka owó rẹ̀ tán kó tó wo ẹni tí yóò wá sìn ín lóko, bóyá apá rẹ̀ le, bóyá ó mọ ebè kọ, nítorí ọwọ́ ẹni náà ni èlé owó rẹ̀. Èmi gbà pé European Investment Bank ṣe ohun tó jọ èyí ní Västerås, mo sì yìn ín fún un; ibi tí ó dùn mí ni pé nígbà tí a kúrò ní ilé ìdánwò, ògiri ni gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í kà, a kò ka bátìrì mọ́.

Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, ti Northvolt sì ju méjì lọ. Kí Skellefteå tó dúró, wọ́n ti na ọwọ́ sí Gothenburg pẹ̀lú Volvo, sí Heide ní àríwá Jámánì, àti sí Québec ní ilẹ̀ Kánádà. Ní oṣù kẹfà 2024, BMW fagi lé ọjà tó tó bílíọ̀nù 2 yúrò, nítorí bátìrì kò dé lákòókò. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún náà, ilé iṣẹ́ náà sá lọ sí ilé ẹjọ́ ní Houston, ní Amẹ́ríkà, láti wá ààbò lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jẹ lówó: nǹkan bí mílíọ̀nù 30 dọ́là ló kù lọ́wọ́, gbèsè sì jẹ́ bílíọ̀nù 5.8. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta 2025, ó wó ní Sweden, ó sì fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún òṣìṣẹ́ sílẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn ti kó ẹbí láti ìlú òkèèrè wá sínú òtútù yẹn.

Ní ti Heide, báńkì KfW ti ìjọba Jámánì ti fi mílíọ̀nù 600 yúrò sílẹ̀, pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́. Nítorí náà, ẹni tó ń san owó-orí ní Jámánì ló wá gbé ẹrù tí kò di. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Ìgbà mìíràn tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá gbé àwòrán ilé iṣẹ́ bátìrì wá síwájú olówó, orúkọ Skellefteå ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, kódà bí ọwọ́ tirẹ̀ bá dá iṣẹ́ ṣáṣá. Àwa náà tí a ń rí i tí wọ́n ń wa lítíọ́ọ̀mù ní Òkè-Ògùn, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè dé iwájú wa.

Ní oṣù kẹjọ 2025, Lyten, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, kéde pé òun ti fọwọ́ sí àdéhùn láti ra Skellefteå, Västerås àti Heide. Ẹni tó bá fẹ́ yá a lówó, ohun tí mo fẹ́ kó kọ́kọ́ béèrè ni iye bátìrì tó dára nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ̀rọ ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí ó sì jẹ́ pé bí iye yẹn bá ṣe ń gòkè ni ìpín owó tó kàn yóò máa jáde.