Ìbẹ̀rùbojo Olùkọ́ Níwájú Ẹ̀rọ

Ìbẹ̀rùbojo tó máa ń mú olùkọ́ níwájú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ti aláìmọ̀wé, kì í sì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú gan-an ló sábà máa ń mú, torí òun ló ní orúkọ tó lè bàjẹ́. Lọ́dún 1984 ni Craig Brod, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti kọ odindi ìwé lórí wàhálà ọkàn tí kọ̀ǹpútà ń kó bá òṣìṣẹ́, tó pè ní technostress. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní Nàìjíríà kò ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe títí di oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé ìwé pa. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan gbé ẹ̀kọ́ lọ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé aládàáni ní kí olùkọ́ bọ́ sórí Zoom tàbí WhatsApp kíákíá.

Bó ṣe máa ń rí rèé. Olùkọ́ ìṣirò jókòó, ó kí kíláàsì, ó ṣàlàyé ìdá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó wá béèrè bóyá ó yé wọn. Kẹ́kẹ́ pa. Ìgbà tó wo ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ ló rí ohun tí ọmọ kan ti tẹ̀ ránṣẹ́ látàárọ̀: “Sà, a ò gbọ́ yín o. Ẹ wà lórí mute.” Ogún ìṣẹ́jú ti wọmi, bẹ́ẹ̀ ìpàdé ọ̀fẹ́ lórí Zoom kì í ju ìṣẹ́jú 40 lọ. Òógùn bò ó. Bọ́tìnnì yẹn kọ́ ló dùn ún. Ohun tó dùn ún ni pé ọmọ ọdún méjìlá mọ ohun tí òun kò mọ̀. Àwọn ọmọ yòókù tó dákẹ́ náà rí i, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ wọn nílé pé ọmọdé kì í já irọ́ àgbà, kì í sì í tọ́ka àṣìṣe rẹ̀. Ìtìjú ni gbòǹgbò ìbẹ̀rù yìí.

Ohun kejì tó ń dá kún un ni pé ẹni tí ẹ̀rọ ṣì ṣàjèjì sí kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín àṣìṣe tirẹ̀ àti ti nẹ́tíwọọ̀kì. Dátà tán, wọ́n múná lọ, àwòrán dúró gbagidi: gbogbo rẹ̀ ló ń kà sí ẹ̀bi ara rẹ̀.

Ní ti ọ̀nà àbáyọ, Albert Bandura ti Yunifásítì Stanford ṣàlàyé lọ́dún 1977 pé orísun mẹ́rin ni ìgbàgbọ́ pé “mo lè ṣe é” ti ń wá: kéèyàn ti ṣe é rí, kó rí ẹni bíi tirẹ̀ tó ṣe é, kí wọ́n kì í láyà, àti bí ara ṣe rí lásìkò náà. Èyí àkọ́kọ́ ló lágbára jù. Nítorí náà, àṣetúnṣe ní kọ̀rọ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Olùkọ́ lè fi kọ̀ǹpútà wọlé bí olùkọ́, kó tún fi fóònù wọlé bí akẹ́kọ̀ọ́, kó lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ọmọ ń rí. Ohùn WhatsApp tó ti ń fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àjọ rẹ̀ ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Ìpàdé ojúkojú lórí Zoom ni kó kẹ́yìn.

Ní ti orísun kejì, ìyẹn kéèyàn rí ẹni bíi tirẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ kọ̀ǹpútà á já máòsì gbà, á ní “Ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é, sà,” á tẹ ibi márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá, á sì lọ. Iṣẹ́ parí, ẹ̀kọ́ kò sí níbẹ̀. Olùkọ́ ẹgbẹ́ ẹni tó kọ́ ọ lóṣù tó kọjá dára jù, tó bá lè ká ọwọ́ ara rẹ̀ sẹ́yìn.

Ní ti ìtìjú, kí olùkọ́ yan ọmọ kan ṣe mọ́nítọ̀ kíláàsì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pariwo tí ohùn kò bá jáde. Ohun tí ì bá jẹ́ àfojúdi ti di iṣẹ́ tí wọ́n rán ọmọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìbéèrè tó ń mú olùkọ́ lọ́kàn yóò ti yí padà: kì í ṣe ibi tí yóò tẹ̀ mọ́, bí kò ṣe bóyá ẹnì kankan ń gbọ́ lẹ́yìn àwọn orúkọ tí kò ní ojú wọ̀nyẹn.