Àpá Inú Kì í Hàn Lójú

Ọ̀rọ̀ obìnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún ni mo mú wá lónìí.

Obìnrin kan wà ní kíláàsì wa. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba àkọ́bí rẹ̀. Nígbà tí ó lóyún ẹ̀ẹ̀kejì, nọ́ọ̀sì bi í pé, "Màmá, báwo ni wọ́n ṣe la ilé ọmọ yín?" Ó ká bùbá sókè, ó fi àpá hàn án. Nọ́ọ̀sì ní, "Ti ara òde nìyí. Ti inú ńkọ́? Ìwé tí wọ́n fún yín dà?" Ìwé kò sí mọ́. Wọ́n ti fi di àkàrà.

Kí ló dé tí nọ́ọ̀sì fi béèrè? Abẹ lè gba ìbú lára awọ, kí ó gba òró lára ilé ọmọ. Láyé àtijọ́, òkè ilé ọmọ ni àwọn dókítà ń là, ní òòró. Ibẹ̀ ni ó máa ń le jù nígbà ìrọbí, àpá ibẹ̀ sì lè ya. Ní 1926, Munro Kerr, dókítà kan ní Glasgow, gba àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n máa la ìsàlẹ̀, ní ìbú. Ibẹ̀ fẹ́lẹ́, àpá rẹ̀ sì lágbára jù. Ọ̀nà yìí ló wọ́pọ̀ jù lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀ràn lè mú kí dókítà là á ní òró síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Bí egbò inú bá ń jinná, ara lè lẹ̀ mọ́ ara. Ilé ọmọ lè lẹ̀ mọ́ àpò ìtọ̀ tàbí ìfun, bí ewé ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ. Ó lè má dun obìnrin náà rárá. Bí iṣẹ́ abẹ bá ṣe ń pọ̀ tó ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ibi ọmọ pàápàá lè wọ ojú àpá, kí ẹ̀jẹ̀ sì ya púpọ̀.

Lẹ́yìn 1980, Michael Stark, dókítà kan ní Jerúsálẹ́mù, ní kí á máa fi ìka ya ara dípò kí á máa fi abẹ gé e ṣáá, kí á má sì rán awọ fẹ́lẹ́ tí ó bo inú, nítorí ó ń jinná fúnra rẹ̀. Ó ní lílẹ̀ yóò dínkù. Àwọn dókítà ṣì ń jiyàn lé e lórí. Kò sí ọ̀nà tí ó mú un kúrò pátápátá.

Obìnrin wa ńkọ́? Wọ́n tún ṣe iṣẹ́ abẹ. Ilé ọmọ ti lẹ̀ mọ́ àpò ìtọ̀. Ó pẹ́ kí dókítà tó tú u. Ọlọ́run yọ ìyá, ó yọ ọmọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn, ẹ béèrè: Òró ni wọ́n là á ni, àbí ìbú? Ǹjẹ́ ara lẹ̀ mọ́ ara? Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́. Bí oyún mìíràn bá dé, ẹ tètè mú ìwé náà lọ. Ẹni tí wọ́n là ní òró kò gbọdọ̀ dúró de ìrọbí. Ẹni tí wọ́n là ní ìbú pàápàá, kí ó má bímọ sílé. Ibi tí dókítà àti ẹ̀jẹ̀ wà ni kí ó lọ.

Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí. Ẹ ka káàdì yín. Ẹ má fi di àkàrà o.