Ta Ló Gbé Àsìkò? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì



Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì wa, olùkọ́ á kọ àsìkò Gẹ̀ẹ́sì méjìlá sójú pátákó, á sì ní kí àwọn ọmọ há wọn sórí. Méjìlá yẹn kàn ń dẹ́rù ba ọmọ ni. Ẹ jẹ́ ká mú “walk”, èyí tí í ṣe kí ènìyàn fẹsẹ̀ rìn. Ìrísí mẹ́rin péré ló ní: “walk”, “walks”, “walked”, “walking”. Ó tán. Àsìkò tó sì ń hàn lára rẹ̀ kò ju méjì lọ, ti ìsinsìnyí àti ti àtẹ̀yìnwá. Ọjọ́ iwájú kò ní ìrísí kankan níbẹ̀; “will” ni wọ́n ń gbé ṣáájú rẹ̀, bí àwa náà ṣe ń gbé “yóò” ṣáájú “rìn”. 

“S” tó wà lára “walks” ńkọ́? Ìyókù ẹrù àtijọ́ ni. Láyé ọjọ́un, ẹni kọ̀ọ̀kan nínú ẹyọ ló ní àfòmọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀pọ̀ sì jọ ń lo ẹyọ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n já dànù, ó ku ti ẹni kẹta ẹyọ. Nínú Bíbélì Ọba James ti ọdún 1611, “walketh” lẹ ó bá. “S” ti apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, òun ló sì borí.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ẹ wo gbólóhùn mẹ́ta: “She walked.” “She did not walk.” “Did she walk?” Níbi tí ọ̀rọ̀ ti jẹ́ ìsọ lásán, “walk” ló gbé àsìkò fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìyísódì tàbí ìbéèrè dé, “did” gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀, “walk” sì padà sí bó ṣe wà. Bákan náà ni “s”: “She walks”, “She does not walk”. Nínú “is walking” àti “was walking”, “has walked” àti “had walked”, ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣáájú nìkan ló ń yí padà bí àsìkò bá yí. Ẹyọ kan ló ń gbé àsìkò nínú awẹ́ gbólóhùn kan, ẹni tó wà níwájú ló sì ń gbé e. Ọmọ tó bá kọ “did not walked” ti di ẹrù kan náà ru ẹni méjì. Ẹni tó bá mọ òfin yìí lè to méjìlá tó wà lójú pátákó fúnra rẹ̀, láìhá ohunkóhun sórí.

Kí ló wá dé tó fi ń nira fún wa? Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. “Adé rìn dé Mọ́kọ́lá”: ó ti ṣẹlẹ̀. “Adé mọ Mọ́kọ́lá”: ó mọ̀ ọ́n títí di ìsinsìnyí. Kò sí àmì kankan lára “rìn” tàbí “mọ̀”. Àwọn onígírámà wa pè é ní àsìkò afànámónìí, orúkọ náà sì bá a mu. “Ń” pàápàá kì í sọ àsìkò, ibá ìṣẹ̀lẹ̀ ló ń sọ. Ẹ lè ní “Ó ń rìn bọ̀ báyìí”, ẹ sì lè ní “Nígbà tí mo rí i lánàá, ó ń rìn bọ̀.” Gẹ̀ẹ́sì ò ní gbà, “is” tàbí “was”, ẹ mú ọ̀kan.

Èyí tó ń mú àwọn tó gboyè pàápàá ni “ti”. “Mo ti pè é lánàá” dán mọ́rán létí wa. Ẹni tó bá wá sọ pé “I have called him yesterday”, Yorùbá ló ń sọ lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìsinsìnyí ni “have” dúró sí, àná sì ti parí. Àwọn méjèèjì ò lè gbé inú awẹ́ kan. “I called him yesterday” ni. Bí ẹ bá fẹ́ “have”, ẹ yọ àná kúrò.

Ó ku ohùn, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì máa ń fò ó. Ìró mẹ́ta ni “ed” ní. Lẹ́yìn “k” tàbí “p”, ó ń dún bíi “t”: “walked”. Lẹ́yìn “l”, “n” tàbí fáwẹ́lì, “d” ni: “called”. Lẹ́yìn “t” àti “d” nìkan ló ń ní fáwẹ́lì tirẹ̀: “wanted”. Ní ọdún 1958, Jean Berko ní Amẹ́ríkà fi àwòrán ọkùnrin kan han àwọn ọmọdé, ó pe ohun tó ń ṣe ní “rick”, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí, ó sì bi wọ́n léèrè ohun tó ṣe lánàá. “Ricked” ni ọ̀pọ̀ wọn fi dáhùn. Nígbà tó kan “mot”, ọ̀pọ̀ wọn ò fi nǹkan kan kún un. “T” tó wà ní ìparí rẹ̀ ti jọ àtẹ̀yìnwá létí wọn.

Tàwọn ọmọ tiwa yàtọ̀: kọ́ńsónáǹtì kì í parí ọ̀rọ̀ Yorùbá; ìdí nìyẹn tí a fi ń pe “bẹ́ẹ̀dì” àti “síléètì”. Nítorí náà, “wanted” kì í yọ ọmọ wa lẹ́nu, “walked” ló máa ń di “walk” lẹ́nu rẹ̀, tí olùkọ́ á sì rò pé kò mọ àsìkò. Ó mọ̀ ọ́n. Ahọ́n ni kò rí ibi gbé “t” lé. Ẹ fi fáwẹ́lì tẹ̀ lé e: “walked out”, “called Adé”. Ẹ ó rí i pé “t” àti “d” á fò mọ́ fáwẹ́lì yẹn, wọn á sì jáde. Lẹ́yìn náà ni ká tó máa bá ọmọ fa “called Túndé”, èyí tí Òyìnbó gan-an máa ń gbé “d” rẹ̀ mì.