Èènì Tàbí Iye Ọjà? Bí Àwọn Ilé-Iṣẹ́ Ọkọ̀ Afẹ́ Ojú Òkun Ṣe Ń Ta Yàrá

Èènì ní ipò tirẹ̀ nínú ọjà Yorùbá. Oníbàárà yóò ná ọjà, ẹni tí ó ń tà yóò dá iye lé e, wọn yóò sì fohùn ṣọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni ìyá ẹlẹ́lùbọ́ yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé orí òṣùwọ̀n. Ẹ̀kúnwọ́ náà ni èènì. Kò sí nínú iye tí wọ́n ná, ẹni tí kò bá sì fi sí i kò jalè. Wọn yóò kàn pè é ní ahun ni. Ìdí tí ọ̀rọ̀ èènì fi wọ ètò ti òní ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ní ọkọ̀ afẹ́ ojú òkun ti sọ ohun kan tí ó jọ ọ́ di ohun ìpolówó. Wọ́n ní ọtí ọ̀fẹ́, wọ́n ní íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́, wọ́n ní ẹni kẹta àti ẹni kẹrin nínú yàrá kò ní sanwó. Ìbéèrè tí ó kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni pé: ṣé èènì ni ní tòótọ́, tàbí ara iye ọjà tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà?

Ọkọ̀ òkun kì í ṣe àjèjì sí àwọn ará ìlú wa. Láti ọdún 1951 títí di 1974 ni ọkọ̀ Aureol ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster fi ń ná Èkó àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Liverpool ni ó kọ́kọ́ fi ṣe ibùdókọ̀ níbẹ̀, kí ó tó gbé e lọ sí Southampton ní 1972. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó di ẹni ńlá lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni ó bá a lọ, tí ó sì bá a bọ̀. Ọkọ̀ ìrìn-àjò ni. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ ní ibi tí ó ń lọ. Ipò sì wà nínú rẹ̀ ní gbangba. Ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ipò kìíní mọ̀ pé òun rà á, ẹni tí kò rà á náà sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé. Ọkọ̀ òfuurufú ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní àkókò kan náà ni irú kejì ń dìde ní Amẹ́ríkà. Norwegian bẹ̀rẹ̀ ní 1966, Royal Caribbean ní 1968, Carnival ní 1972. Ọkọ̀ kìíní tí Carnival ní, Mardi Gras, ọkọ̀ ìrìn-àjò àtijọ́ ni: Empress of Canada ni orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó ń ti Liverpool lọ sí Kánádà. Wọ́n kùn ún, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, ó sì fi ìdí gúnlẹ̀ sórí iyanrìn nítòsí Miami ní ìrìn-àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù kẹta ọdún náà. Síbẹ̀ òwò náà kò kú. Ẹni tí ó wọ irú ọkọ̀ yìí kò ní ibi kan pàtó tí ó ń lọ. Ibi tí ó ti wọ̀ ọ́ ni yóò sáàbà sọ̀ sí. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ìlú tí ó lọ wò. Nítorí náà, yàrá ni ọjà, kì í ṣe ọ̀nà.

Ẹ wo bí ìlú náà ṣe tóbi tó. Icon of the Seas ti Royal Caribbean, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2024, ní àjà 20 àti yàrá 2,805. Bí ènìyàn méjì bá wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, èrò rẹ̀ á jẹ́ 5,610. Ṣùgbọ́n ó lè gba èrò tí ó tó 7,600, nítorí pé ibùsùn kẹta àti ìkẹrin wà nínú ọ̀pọ̀ yàrá. Láti inú ìṣirò ènìyàn méjì yìí ni ọ̀rọ̀ owó ti bẹ̀rẹ̀.

Oríṣi yàrá mẹ́rin ni wọ́n sáàbà ń tà: èyí tí kò ní fèrèsé rárá, èyí tí ó ní fèrèsé sí òkun, èyí tí ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ tí ènìyàn lè jókòó sí, àti yàrá ńlá onípálọ̀. Iye tí ìpolówó ń kọ kì í sáàbà jẹ́ iye yàrá. Iye orí ẹnì kan ni, wọ́n sì ti gbà pé orí méjì ni yóò wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá dá lọ yóò sáàbà san ti orí kejì tí kò sí. Ká ní ìpolówó kan sọ pé 700 dọ́là fún alẹ́ méje. Kí a fi owó orí èbúté sílẹ̀ ná. Ọ̀gbẹ́ni tí ó ń dá lọ yóò san 1,400. Yóò tún san owó ìsìn ojoojúmọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀, èyí tí Royal Caribbean sọ di 18.50 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní yàrá tí kì í ṣe onípálọ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Ìyẹn jẹ́ 129.50. Ẹni tí ó rí 700 nínú ìwé ìròyìn ti dé 1,529.50 kí ó tó mu ohunkóhun tí wọ́n ń tà. Norwegian gbìyànjú nínú ọ̀ràn yìí ní 2010, nígbà tí ó kọ́ yàrá kéékèèké 128 sínú ọkọ̀ Norwegian Epic fún àwọn adánìkanrìn. Àwọn mìíràn ti tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n irú yàrá bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, kì í sì í fi gbogbo ìgbà pọ́ọ́kú.

Òfin ti tún apá kan ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí òfin ìpínlẹ̀ California lórí ìpolówó iye owó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí fi owó orí àti owó èbúté kún iye tí wọ́n ń polówó ní Amẹ́ríkà. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀yìn ìgbà tí ọkàn oníbàárà bá ti fà sí yàrá ni ó tó ń rí wọn. Òfin náà kò mú owó ìsìn wọ inú rẹ̀, kò sì sọ ti orí kejì tí kò sí.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà ni “guarantee”. Ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò túmọ̀ rẹ̀ sí ìdánilójú, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Kí ni ó dá a lójú? Oríṣi yàrá nìkan ni. Ilé-iṣẹ́ ṣèlérí pé yàrá rẹ̀ kò ní rẹlẹ̀ ju oríṣi tí ó sanwó fún lọ. Nọ́ńbà yàrá náà, àwọn ni yóò yàn án, ó sì lè ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọkọ̀ ṣí kí ó tó mọ̀ ọ́n. Ó lè bọ́ sí ibi tí ó dára ju èyí tí ó rà lọ. Ó sì lè bọ́ sí iwájú ọkọ̀ níbi tí ìgbì ti ń gbé ènìyàn sókè sódò, tàbí sábẹ́ ibi ìwẹ̀ tí wọ́n ti ń wọ́ àga kiri láti òwúrọ̀ kùtùkùtù. Àwọn tọkọtaya tí ó ra yàrá méjì fún ara wọn àti àwọn ọmọ wọn lọ́nà yìí lè rí i pé àjà márùn-ún ni ó pín wọn níyà. Owó rẹ̀ dín, òtítọ́ ni. Ẹni tí ó dá wà, tí oorun rẹ̀ sì wúwo, kò ní fi ṣèfọ̀. Ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn, yàrá àárín ọkọ̀ tí ó sún mọ́ ẹ̀rọ agbénisókè ni kí wọ́n bá a yàn, kí wọ́n sì san àfikún rẹ̀.

Níbi ọ̀fẹ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ èènì ti di ìjà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Norwegian polówó ohun tí ó pè ní Free at Sea: ọtí, oúnjẹ ilé àkànṣe, íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé àdéhùn sọ pé ọtí jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n èrò yóò san owó ìsìn ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí iye tí ọtí náà ì bá jẹ́. Ká ní wọ́n kọ iye náà ní 100 dọ́là lójúmọ́. Tọkọtaya yóò san 280 dọ́là ní alẹ́ méje nítorí ohun tí wọn kò rà. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí gba owó lórí ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀.

Ti Royal Caribbean àti Carnival yàtọ̀. Títà ni wọ́n ń ta ètò ọtí tiwọn, wọn kò pè é ní ọ̀fẹ́. Òfin wọn ni pé bí àgbàlagbà kan bá ra ètò náà, àwọn àgbàlagbà yòókù nínú yàrá kan náà gbọ́dọ̀ rà á. Ká ní ọkọ ń mutí, tí ìyàwó jẹ́ Alájà tí kì í fi ẹnu kàn án: owó ọtí ẹni méjì ni wọn yóò san. Ilé-iṣẹ́ ní ìdí tirẹ̀, nítorí pé ẹnì kan lè máa gbé ife fún ẹnì kejì. Carnival tilẹ̀ fi òpin sí i ní ife ọlọ́tí 15 láàárín wákàtí 24, èyí tí ó ti pọ̀ tó láti gbé ènìyàn ṣubú. Fún irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀, kí ọkọ máa ra ife kọ̀ọ̀kan bí ó bá ṣe ń mu ni ó sàn jù.

“Ọmọ kò sanwó” náà nílò ìtúmọ̀. Owó ọkọ̀ ni ọmọ kò san. Royal Caribbean ń gba owó ìsìn lórí gbogbo èrò, àgbà àti ọmọdé. Bàbá tí ó kó ìyàwó àti ọmọ méjì lọ fún alẹ́ méje yóò san 518 dọ́là ní orí èyí nìkan.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti kó ohun gbogbo sínú iye kan. Regent Seven Seas ka ọtí, owó ìsìn àti ìrìn-kiri ní èbúté mọ́ owó yàrá. Viking kì í gba ẹni tí kò bá tó ọdún 18. Gbogbo yàrá inú ọkọ̀ òkun rẹ̀ ni ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wáìnì àti bíà sì ń bá oúnjẹ ọ̀sán àti ti alẹ́ wá. Iye wọn ga, ó ń dẹ́rù ba ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi iye wọn wé 700 dọ́là orí ẹnì kan ti fi odidi wé ààbọ̀.

Àwọn ipò tí Aureol ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Wọn kò parẹ́. Cunard kò fi tirẹ̀ pamọ́: nínú Queen Mary 2, tí ó ń rin ìrìn-àjò láti ọdún 2004, yàrá tí ènìyàn rà ni ó ń pinnu gbọ̀ngàn oúnjẹ rẹ̀, ẹni tí ó wà ní Britannia kì í jókòó ti ẹni tí ó wà ní Queens Grill. Àwọn yòókù fún un ní orúkọ tí ó tutù. Norwegian pe tirẹ̀ ní The Haven, MSC pè é ní Yacht Club. Àwọn méjèèjì ní ilẹ̀kùn tí káàdì àwọn onílé nìkan lè ṣí, pẹ̀lú ibi ìwẹ̀ àti ilé oúnjẹ tiwọn. Ohun tí ìpolówó ń pè ní àǹfààní níbẹ̀, ipò kìíní àtijọ́ ni.

Èyí tí ó sún mọ́ èènì jù lọ ni ti àwọn oníbàárà àtàtà, nítorí pé lẹ́yìn ìrajà ni ó ń wá. Nínú ètò Royal Caribbean, alẹ́ kan jẹ́ máàkì kan, yàrá onípálọ̀ sì ń sọ ọ́ di méjì. Ẹni tí ó bá ní 80 yóò máa gba ife ọtí mẹ́rin lójúmọ́. Ipò tí ó ga jù lọ ń béèrè 700, èyí tí ó jẹ́ ìrìn-àjò alálẹ́-méje ọgọ́rùn-ún ní yàrá lásán. Síbẹ̀ okùn ni èènì yìí pẹ̀lú: ẹni tí ó ti ní 70 kì í fẹ́ ná ọjà ní ìsọ̀ mìíràn mọ́, bí owó ibẹ̀ tilẹ̀ dín. Ẹni tí ó ní ìsọ̀ ni ó sì ni òṣùwọ̀n. Ní ọdún 2025 Carnival kéde pé òun yóò pààrọ̀ ètò tirẹ̀, pé owó tí oníbàárà ná ni yóò máa gbé ipò rẹ̀ ga dípò ọjọ́ tí ó lò lórí omi. Àwọn tí wọ́n ti ń ka ọjọ́ láti ọdún pípẹ́ fi ariwo bọ ẹnu.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí ó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà. Ọkọ̀ tí ó bá ti Miami lọ sí Bahamas tí ó sì padà ti jáde ní Amẹ́ríkà, ó sì tún ti wọlé. Ní oṣù keje ọdún 2025 ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú físà àbẹ̀wò tí òun yóò máa fún ọmọ Nàìjíríà yóò jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, fún oṣù mẹ́ta. Ìwọlé kan náà ni èrò yóò ti lò tán nígbà tí ó bá sọ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Bákan náà ni fún ẹni tí ó ní físà Schengen oníwọlé ẹ̀ẹ̀kan, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì yà sí Tunis láàárín Barcelona àti Ítálì. Ìwé àdéhùn àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí di ẹrù físà lé èrò lórí. Ẹni tí wọ́n bá dá padà ní èbúté kì í gba owó rẹ̀. Owó àsansílẹ̀ tí ó pọ́ọ́kú jù sì sáàbà jẹ́ irú èyí tí wọn kì í dá padà.

Nítorí náà ọjọ́ ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ kà. Royal Caribbean ń béèrè gbogbo owó ní 90 ọjọ́ ṣáájú ìrìn-àjò tí ó bá tó alẹ́ márùn-ún. Bí ọkọ̀ yóò bá ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ni owó gbọ́dọ̀ ti pé. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, bí èrò bá yẹ̀, apá tí ilé-iṣẹ́ ń mú nínú owó náà yóò máa pọ̀ sí i títí yóò fi di gbogbo rẹ̀, yálà ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba òkèèrè ti dá ìwé ìrìnnà rẹ̀ padà tàbí kò tíì dá a padà.