Kí A Tó Fọwọ́ sí Lẹ́tà sí Gómìnà

 

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí lẹ́tà tí à ń gbèrò láti kọ sí Gómìnà, pé kó fi ọmọ ìlú wa ṣe Agbẹjọ́rò Àgbà àti Kọmíṣánnà fún Ètò Ìdájọ́. Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń sọ: ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ìlẹ̀kẹ̀ yìí ṣe wúwo tó.

Abala 195 nínú ìwé òfin 1999 ní ẹni tó máa dé ipò náà gbọ́dọ̀ ti di lọ́yà fún ọdún 10, ó kéré tán. Kò béèrè bóyá ó ti rojọ́ nílé ẹjọ́ rí. Ẹni tó gbàwé lọ́yà, tó wá ń ta sìmẹ́ńtì fún ọdún 10, òfin ò lé e.

Iṣẹ́ náà ńkọ́? Abala 211 fún un lágbára láti pe ẹjọ́ ọ̀daràn, láti gba ẹjọ́ tí ẹlòmíràn pè, àti láti dáwọ́ ẹjọ́ dúró kí adájọ́ tó dá a. Bí ọlọ́pàá bá fẹ̀sùn ìpànìyàn kan ẹnì kan, fáìlì á lọ sọ́dọ̀ DPP ní ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ fún ìmọ̀ràn. Bí fáìlì bá jókòó, ẹni náà á jókòó sẹ́wọ̀n. Ju ìdajì àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà lọ ni kò tíì gba ìdájọ́. Ọmọ ta ni wọ́n? Ọmọ wa náà ni.

Àwọn kan ní àwọn lọ́yà ìjọba ló ń ṣiṣẹ́, kọmíṣánnà kàn ń fọwọ́ sí i ni. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́, báwo ló ṣe máa mọ ìgbà tí wọ́n bá gbé ìwé tí kò dáa síwájú rẹ̀? Ẹ rántí ọ̀rọ̀ P&ID. Ìjọba àpapọ̀ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn gáàsì ní 2010. Ní 2017, ìgbìmọ̀ onílàjà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ká san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là. Èlé gbé e kọjá bílíọ̀nù 11. Oṣù kẹwàá 2023 ni ilé ẹjọ́ ibẹ̀ tó fagi lé e, torí jìbìtì àti rìbá. Adájọ́ náà tún sọ ọ́ pé àwọn lọ́yà tó ṣojú Nàìjíríà níwájú onílàjà kò ṣiṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ.

Èmi ò sọ pé iṣẹ́ ìjọba nìkan ni ìrírí. Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, olùkọ́ ni ní Unilag. Ṣùgbọ́n kó tó di Agbẹjọ́rò Àgbà Èkó ní 1999, ó ti ṣe olùdámọ̀ràn fún Bọ́lá Ajíbọ́lá nígbà tí ìyẹn wà nípò náà ní ìjọba àpapọ̀. Ó ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà tirẹ̀ ni Èkó dá ọ́fíìsì Public Defender sílẹ̀, kí tálákà lè rí lọ́yà láìsanwó.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká pe ọmọ wa, ká bi í ní ìbéèrè 3. Ẹjọ́ wo lo fúnra rẹ ṣe dé ìparí? Lọ́yà mélòó lo ti darí rí? Ọjọ́ wo lo sọ fún ẹni tó ń sanwó fún ọ pé, “Rárá sà, òfin ò gbà á”? Agbẹjọ́rò Àgbà tí kò lè sọ rárá fún Gómìnà, ìránṣẹ́ tó dé wíìgì ni.

Bó bá dáhùn dáadáa, èmi ni n ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká bá a bẹ Gómìnà fún ipò olùrànlọ́wọ́ níbẹ̀, kó lọ kọ́ṣẹ́. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹ má sì bínú, àkísà là ń wá fún iṣẹ́ yìí.

Lẹ́tà náà ṣì wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ìpàdé tó ń bọ̀ la máa dìbò lórí rẹ̀. Ẹ wá o. Ìlú wa á gòkè.